Àyè Mẹ́ta: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Iṣẹ́ Olùtọ́jú Ọmọ ní Ìlú Ọba Nígbà Tí Owó Bá Wọ́n

Ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 ni èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù Woolworths tilẹ̀kùn ní Ìlú Ọba. Ṣọ́ọ̀bù wọn lé ní 800, òṣìṣẹ́ wọn sì tó nǹkan bíi 27,000. Tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó sọ̀rọ̀ gbèsè, ó sọ̀rọ̀ báńkì tó ń wó. Kò sẹ́ni tó dárúkọ obìnrin tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn, tó ń tọ́jú ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ò wá mọ́, obìnrin náà ò sì rí owó ìdágbére kankan gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Childminder ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kì í sì í ṣe tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi. Iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe. Ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ tó gba àbójútó iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn káńsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2001. Ó ń san owó adójútòfò, ó kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé, wọ́n sì ti yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀daràn wò bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, tòun ti orúkọ gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 16 nínú ilé. Ẹni tó bá rìn ní Peckham, Thamesmead tàbí Barking ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí iléèwé ń jáde lọ́sàn-án kò ní ṣàì rí obìnrin Yorùbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ níwájú, tí ọmọ méjì tó wọ aṣọ iléèwé sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Àǹtí ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí owó bá wọ́n, àhesọ máa ń pọ̀ láàárín àwọn Àǹtí yìí, lẹ́nu ọ̀nà iléèwé, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, lórí WhatsApp. Àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ irọ́ gidi. Àwọn mìíràn jẹ́ ààbọ̀ òótọ́, àwọn yẹn ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Wọ́n ní ọmọ ò sí mọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ jẹ́ ká wo iye. Ní 2008, ọdún tí Lehman Brothers ṣubú ní Amẹ́ríkà tí ọrọ̀ ajé Ìlú Ọba náà sì dẹnu kọlẹ̀, nǹkan bíi 709,000 ọmọ ni wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Nígbà tó máa fi di 2012, ó ti di nǹkan bíi 730,000. Ìgbà tí àwọn olùtọ́jú ọmọ ń ráhùn pé ọmọ ti tán gan-an ni ilé ìgbẹ̀bí ń kún sí i.

Ìyá ọmọ kì í gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí torí pé ó bímọ. Torí pé ó ń lọ síbi iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta, ọjọ́ tí ọmọ ń wá náà di mẹ́ta. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá ọmọ, òun ló máa jókòó ti ọmọ nílé. Ní ìparí 2011, àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba sì ti lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀. Bí ìyá ìyá bá ti fẹ̀yìntì ní Ìbàdàn, wọ́n á wá tíkẹ́ẹ̀tì fún un, á wá lo oṣù mẹ́fà tí físà àlejò gbà á láyè láti lò.

Ẹ wá wo bó ṣe rí nínú ilé Àǹtí. Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ ni olùtọ́jú kan lè ní lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú mẹ́fà yìí, mẹ́ta péré ló lè jẹ́ ọmọ tí kò tíì tó iléèwé lọ, ẹyọ kan nínú mẹ́ta yẹn ló sì máa ń jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan. Bí ọmọ tirẹ̀ bá ṣì kéré, wọ́n ń kà á mọ́ ọn. Àyè mẹ́ta yìí ni oúnjẹ Àǹtí, torí àwọn ló ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ọmọ kan bá wá ń wá ní ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ó ti gba àyè kan. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì ṣófo, àmọ́ ta ló fẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì nìkan? Ìyá kejì tí wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù, Ìṣẹ́gun dé Ọjọ́bọ̀ lòun ń wá. Ọmọ wà nínú ilé, ariwo wọn ò dín, ìkòkò tó wà lórí iná ò kéré sí i, síbẹ̀ owó ti lọ. Ibi tí mo dúró sí nìyí: àìsí ọmọ kọ́ ló ń sọ olùtọ́jú ọmọ di onígbèsè nígbà ọ̀wọ́n, àyè tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni.

Ààbọ̀ tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn 2012, iye ọmọ tí wọ́n ń bí bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lóòótọ́, tó fi jẹ́ pé ní 2023 ó ti bọ́ sí nǹkan bíi 591,000. Ẹni tó ń sọ ọ́ lónìí pé ọmọ ti dín kù kò parọ́. Ẹni tó sọ ọ́ ní 2009 ló sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tó sì sábà máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́ tán ló kàn báyìí.

Wọ́n ní ká dín owó kù, ilé á kún

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ọjà ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Obìnrin tó ń ta gààrí mọ̀ pé bí òun bá yọ díẹ̀ kúrò lórí kóńgò kan, èrò á pọ̀, èrè kékeré lórí ogún kóńgò á sì ju èrè ńlá lórí kóńgò márùn-ún lọ. Ìmọ̀ tó dára ni, àmọ́ òun gan-an ló ń ṣi Àǹtí lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Mo kàn mú iye tó rọrùn láti kà ni. Ká ní £5 ni Àǹtí ń gbà lórí ọmọ kan fún wákàtí kan, wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọmọ kan á mú £250 wá, mẹ́ta á mú £750 wá. Ó wá sọ ọ́ di £4 kí àwọn òbí lè rọ́ wá. Ọmọ kan ti di £200. Kí £750 tó lè pé padà, ọmọ mẹ́ta ò ní tó, ó gbọ́dọ̀ rí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ọmọ kẹrin kún un. Òfin kì í sì í sábà gbà á láyè láti ní ọmọ kékeré kẹrin. Kóńgò mẹ́ta péré ni wọ́n fún un láti tà, iye yòówù kó pè é.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn òbí tuntun kọ́ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ pé owó ti wálẹ̀. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ ni. Ìyá ọmọ tó ti ń san £5 láìráhùn á rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, á ní, “Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé £4 lẹ̀ ń gbà báyìí.” Kí ni èèyàn fẹ́ dáhùn?

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí iye owó dúró, kí ọjọ́ wá di ohun tí wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí. Àǹtí tó mọ ohun tó ń ṣe á sọ fún ìyá tí iṣẹ́ rẹ̀ dín kù pé, “Mummy Tólú, mi ò ní fi kọ́bọ̀ lé e. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín, bóyá wọ́n á lè jẹ́ kó jẹ́ Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì.” Bí ọ̀gá bá gbà, Àǹtí á wá ẹni tó fẹ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, àyè kan tún ti di odindi. Ó gba ẹnu, ó gba sùúrù, ó sì gba pé kó tètè sọ ọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ní ibi iṣẹ́.

Àwọn ọmọ iléèwé, láti ọdún márùn-ún sí méje, kò sí lára àwọn mẹ́ta yẹn. Wákàtí kan láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́, odindi ọjọ́ nígbà ìsinmi: owó rẹ̀ kéré, àmọ́ kì í gba àyè lọ́wọ́ àwọn kékeré. Ẹ má sì gbàgbé àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, iṣẹ́ tí àwa èèyàn wa pọ̀ nínú rẹ̀. Ọrọ̀ ajé lè dẹnu kọlẹ̀, aláìsàn ò ní torí ẹ̀ dìde kúrò lórí ibùsùn. Wákàtí tí jẹ́lé-ó-sinmi ti tilẹ̀kùn tàbí tí kò tíì ṣí ni wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Àǹtí tó bá lè gba ọmọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ní ohun tí ilé ńlá tó kun ògiri ní ọ̀dà aláràbarà ò ní.

Wọ́n ní ìjọba ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, iṣẹ́ wa ti tán

Èyí nípọn díẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, gbogbo ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta àti mẹ́rin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 15 lọ́sẹ̀ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀. Ní 2017, wọ́n sọ ọ́ di 30 fún àwọn tí òbí wọn ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹrin 2024, ó kan ọmọ ọlọ́dún méjì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó kan ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2025, wákàtí 30 ló kárí gbogbo wọn, bí òbí bá ń ṣiṣẹ́.

Láàárín 2008 sí 2011, àwọn tó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ń pa àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Kí ó tó di 2013, àfi olùtọ́jú tó bá wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ló lè gba owó wákàtí yẹn, púpọ̀ wọn ò sì sí níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta á gba jẹ́lé-ó-sinmi lọ láàárọ̀ láti lo wákàtí ọ̀fẹ́ rẹ̀, Àǹtí á wá máa ti kẹ̀kẹ́ nínú òjò lọ mú un lọ́sàn-án. Ẹ tún rí i pé àyè náà ò ṣófo. Ó fọ́ ni. Kò lè fi wákàtí mẹ́ta àárọ̀ yẹn gba ọmọ mìíràn, torí ẹni tó ni àyè ń bọ̀ ní aago méjìlá.

Láti 2013, olùtọ́jú tí Ofsted bá sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ dára lè gba owó náà fúnra rẹ̀, bí jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń gbà á. Ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ títí di òní, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni wákàtí 15 ti gbogbo ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta àti mẹ́rin kì í béèrè irú físà tí òbí ní. Ìyá tí wọ́n kọ ọ́ sí físà rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba á máa rò pé èyí náà wà lára rẹ̀, á máa san gbogbo rẹ̀ látinú àpò ara rẹ̀, títí agbára ò fi ní gbé e mọ́ tí á sì gbé ọmọ kúrò. Àǹtí ló pàdánù, kì í ṣe torí owó, torí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ ni.

Wákàtí ti àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ló ní ìkẹkùn nínú. Òbí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa rí owó tó tó ti wákàtí 16 lọ́sẹ̀ lórí iye tó kéré jù tí òfin gbà kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́, bí wọ́n bá sì jẹ́ méjì, àwọn méjèèjì ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un jẹ́rìí sí. Ìgbà tí nǹkan dára, kò sẹ́ni tó ń ronú nípa èyí. Ìgbà ọ̀wọ́n, wọ́n á dín iṣẹ́ bàbá kù sí wákàtí 12, wọ́n á fún un ní àsìkò díẹ̀ láti wá nǹkan ṣe sí i, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀tọ́ náà á bọ́ lọ́wọ́ ìyá pẹ̀lú, bí ìyá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí aago. Àǹtí tó ti gbọ́kàn lé owó káńsù á wá rí i pé ọ̀rọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ ṣì lè gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé.

Ọ̀fẹ́ náà ò sì pé tó bí orúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 38 ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, ọdún sì ní ọ̀sẹ̀ 52. Káńsù ló ń sọ iye tí wọn óò san fún wákàtí kan. Bí iye yẹn bá kéré sí èyí tí Àǹtí ń gbà, kò lè bu àlékún lé òbí lórí. Ó lè bẹ̀bẹ̀ fún owó oúnjẹ, ti pámpáàsì tàbí ti ìgbafẹ́, àmọ́ òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò san. Kí èèyàn tó fọwọ́ sí i, kó pe káńsù rẹ̀, kó béèrè iye tí wọ́n ń san àti ọjọ́ tí owó ń wọlé. Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì ju èkíní lọ fún ẹni tí owó ilé ń dúró dè.

Fún òbí tí kò tíì débi wákàtí ọ̀fẹ́, ètò Tax-Free Childcare ti wà láti 2017: fún £8 tí òbí bá fi síbẹ̀, ìjọba á fi £2 lé e, títí dé £2,000 lọ́dún fún ọmọ kan. Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn tí owó wọn kéré, náà lè dá tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú padà fún òbí tó bá yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn ò lè gba méjèèjì pọ̀. Àǹtí tó bá lè jókòó ti òbí nídìí tábìlì kíṣìnnì, kó fi fóònù ṣí ojú ewé wọ̀nyí hàn án, ti dín owó kù fún un láìyọ pẹ́ńnì kan kúrò nínú tara rẹ̀. Kò kàn sí lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì ìtọ́jú pàjáwìrì ni.

Wọ́n ní ìyá àgbà lè gba owó wákàtí ọ̀fẹ́ lórí ọmọ-ọmọ rẹ̀

Irọ́ ni. Bí ìyá àgbà bá tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted tí ìwé rẹ̀ sì pé, òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí ìjọba sanwó yẹn fún olùtọ́jú tó jẹ́ ìbátan ọmọ. Àǹtí tó jẹ́ Àǹtí lẹ́nu lásán, wọ́n á san án. Àǹtí tó jẹ́ àbúrò ìyá ọmọ, wọn ò ní san án.

Wọ́n ní àwa-ara-wa ni, kí ni ti ìwé àdéhùn?

“Ẹ jọ̀ọ́ Mà, wọ́n ti ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ bá mi di àyè Tólú mú, mo ń padà bọ̀.”

“Kò burú, ọmọ mi. Olúwa á ṣe é.”

Gbogbo àdéhùn tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta á kọjá. Àǹtí á ti dá òbí méjì padà lẹ́nu ọ̀nà. Mummy Tólú á ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, á kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ àdúrà mẹ́ta. Kò ṣe ibi o. Kò sí ohun tí wọ́n jọ kọ sílẹ̀ pé kó ṣe ni.

Mo mọ̀ pé ojú máa ń tì wá láti sọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí wa. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn olùtọ́jú ọmọ ò pọ̀ rárá: ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹni tó fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ fi tó ẹnì kejì létí, mẹ́rin ló sì wọ́pọ̀; iye owó àsansílẹ̀; àti iye tí òbí máa san bó bá fẹ́ kí àyè wà nílẹ̀ dè é nígbà tí ọmọ ò wá. Ìdajì ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Ìwé yìí ò pa àánú. Àǹtí ṣì lè sọ pé, “Má san ìdajì, san ìdá kan nínú mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ká wo bó ṣe máa rí.” Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àánú yìí ní ọjọ́ tó máa parí, àwọn méjèèjì sì mọ ọjọ́ náà.

Owó tí wọ́n ń san láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí kò sí nínú ìwé, ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba ní ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ pàtàkì àti ọmọ tó nílò ààbò nìkan ni olùtọ́jú ọmọ lè gbà, títí di oṣù kẹfà. Owó ìrànwọ́ jáde fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún èrè, kò sì ju £7,500 lọ fún oṣù mẹ́ta. Inú ìwé owó orí ni wọ́n ti wo èrè. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà, ẹni tó sì kọ díẹ̀, díẹ̀ ló gbà. Ẹ̀rù owó orí yìí tún ju owó orí náà lọ. Tipẹ́tipẹ́ ni HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, ti ń gbà kí olùtọ́jú ọmọ yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún àga, kápẹ́ẹ̀tì àti ohun èlò ilé tí ọmọ ń lò gbó, àti ìpín kan nínú owó iná. Òfin rẹ̀ ti ń yí padà, nítorí náà kí kálukú béèrè ti ọdún tó wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní nígbà ọ̀wọ́n, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé Ofsted

Wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá ń gba owó láti tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ nínú ilé ara rẹ̀, ju wákàtí méjì lọ lóòjọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, àfi bó bá jẹ́ ìbátan ọmọ náà. Ní 2009, Ofsted sọ fún àwọn ọlọ́pàá obìnrin méjì tó ń bá ara wọn tọ́jú ọmọ, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀, pé wọ́n ń rú òfin. Ariwo ta, wọ́n sì yọ irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin náà. Èyí ni àwọn kan gbọ́ ààbọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀rẹ́ lè tọ́jú ọmọ ọ̀rẹ́. Ó lè tọ́jú rẹ̀, bí owó ò bá sí níbẹ̀. Wọ́n tún yọ ìtọ́jú tó bọ́ sáàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago méjì òru kúrò, àmọ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru kì í délé ní aago méjì. Pabanbarì rẹ̀ ni pé òbí ò lè fi Tax-Free Childcare tàbí Universal Credit sanwó fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀. Ìgbà ọ̀wọ́n gan-an ni òbí nílò ìrànwọ́ yẹn jù, nítorí náà ìgbà yẹn ni ìwé náà níye lórí jù.

Òfin iṣẹ́ yìí ti wà láti 1948. Òfin ò sì tó. Ní àwọn ọdún 1970, olùwádìí Brian Jackson àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń dúró sí òpópónà ní ìdájí láti mọ ilé tí àwọn ìyá òṣìṣẹ́ ń gbé ọmọ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun àti Sonia Jackson gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1979. Láàárín àsìkò kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó wà ní Ìlú Ọba ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n ń wá ìdílé òyìnbó tí yóò gba ọmọ wọn tọ́. Wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, olùtọ́jú tí owó wọn ká kò sì sí nítòsí. Adewale Akinnuoye-Agbaje, ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi fún ìdílé òyìnbó ní Tilbury báyìí, fi ohun tó jìyà rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018. Tí mo bá rántí ìtàn yìí, ìwé Ofsted tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ilé obìnrin Yorùbá kan ní Peckham kì í jọ pébà ìjọba lásán lójú mi. Àwọn òbí ìgbà yẹn ì bá fún un ní ohunkóhun tó bá béèrè.

Wọ́n ní àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti pọ̀, ọmọ wọn á kárí àwa tó kù

Láàárín 2012 sí 2023, iye àwọn olùtọ́jú ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín kù tó nǹkan bí ìdajì. Ìjọba rí i débi pé ní 2023 wọ́n gbé £600 kalẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́, £1,200 bó bá gba ọ̀dọ̀ àjọ aṣojú àwọn olùtọ́jú ọmọ (childminder agency) wọlé. Àmọ́ òbí kì í gbé ọmọ kọjá ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí Àǹtí òpópónà yìí bá ti lọ, ọmọ rẹ̀ kì í rin máìlì mẹ́ta lọ bá Àǹtí kejì. Jẹ́lé-ó-sinmi tàbí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ń lọ.

Wọ́n ní bí ilé bá ti ṣófo, ká dá ìwé padà

Ó jọ ọgbọ́n: kí ni èèyàn ń sanwó fún bí kò bá sí ọmọ? Àmọ́ kò sí òfin tó ní olùtọ́jú tí kò ní ọmọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ofsted mọ irú wọn dáadáa. Ó lè wá bẹ ilé wò láìsí ọmọ kankan níbẹ̀, kó sì kọ ọ́ pé olùtọ́jú náà dójú ìwọ̀n tàbí kò dójú ìwọ̀n. Ohun tó ń náni láti wà nílẹ̀ ò ju owó ọdọọdún, adójútòfò àti ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì tí wọ́n ń tún ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹni tó bá dá ìwé padà, ọjọ́ tó bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tuntun ló jẹ́. Á tún kọ fọ́ọ̀mù, á tún mú ìwé ìlera wá, wọ́n á tún yẹ àkọsílẹ̀ gbogbo àgbà inú ilé wò, ẹni tó ń bẹ ilé wò á tún wá. Oṣù lè gorí oṣù. Ìyá tó ríṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ń wá àyè fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, káńsù tó bá sì pè láti béèrè á fún un ní orúkọ àwọn tó wà lórí àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.